Kọ́kọ́rọ́ Wà Nínú Ilé

Ìlà kan péré ló wà lójú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà, funfun lórí dúdú: kò rí dísìkì kankan. Lábẹ́ rẹ̀, àmì kékeré kan ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀ tí kò mọ èsì rẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Abẹ́rẹ́ dúró níwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sáré sọ̀rọ̀. Aago ara ògiri sọ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú. Láti àná ni wọ́n ti fi téèpù ọlọ́pàá yí ẹ̀rọ náà ká, tí wọ́n sì ti gbé ẹnì kan lọ sí àtìmọ́lé.

"Aago méjì ọ̀sán," ni Olùdarí ilé ìwòsàn wí lẹ́yìn rẹ̀. "Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì dé nígbà tó bá di aago méjì, apá kò ní ká a mọ́. Àtìyá àtọmọ inú."

"Ẹ tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, mà."

"Aláboyún kan wà ní wọ́ọ̀dù kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti àná. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wọ́n bí ojú. A ti pe ilé ìwòsàn mẹ́rin, wọn ò ní in. Nínú gbogbo àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́dọ̀ wa, ènìyàn mẹ́fà péré ló ní irú rẹ̀. Orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn wà nínú ẹ̀rọ yìí." Ó tọ́ka sí ìlà funfun náà. "Wọ́n wà níbẹ̀ rí, kí n kúkú sọ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí nínú ìwé?"

"Omi òjò ba ìwé jẹ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Nítorí ẹ̀ la ṣe ra ẹ̀rọ."

"Ẹ̀dà ńkọ́?"

"Dísìkì kejì la ń da ẹ̀dà sí. Inú ẹ̀rọ kan náà ló wà." Olùdarí kò jẹ́ kí ojú òun àti ti Abẹ́rẹ́ pàdé. "Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ wa pààrọ̀ kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ní ìrọ̀lẹ́ ìjẹta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí ẹ ń wò yìí la bá. Ẹnì kan ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá aláboyún náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ọ̀rá kan lé itan, bàtà sílípáàsì ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Bí ó ti rí Abẹ́rẹ́, ó dìde.

"Ẹ̀yin lọlọ́pàá?"

"Èmi ni, màámi."

"Ẹ bá mi bẹ ẹni tó kó o. Kó máa kó o lọ, n ò ní pè é lólè. Kó ṣáà sọ nọ́ńbà ẹnì kan péré fún mi. Tí kò bá fẹ́ sọ nọ́ńbà, kó júwe ilé. Mo lè sáré débẹ̀ fúnra mi, ẹsẹ̀ mi ṣì dáa."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ sọ pé yóò dára. Kò sọ ọ́. Ó ti sọ irú rẹ̀ fún ẹnì kan rí, kò sì dára.

*

Inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí ni wọ́n gbé afurasí náà wá bá a. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń pè é ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ṣe bí ẹni pé ìyá ìyá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Òun ló ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ. Òun ló ń wá jí àwọn yòókù: kíbọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ, dísìkì. Tá a bá fẹ́ kọ́ tuntun, ẹ̀rọ á gbé àkójọ gbọọrọ kan síwájú wa. Ṣé ẹ fẹ́ èyí? Ṣé ẹ fẹ́ tọ̀hún? A ó máa fi àmì mú èyí tó bá ẹ̀rọ wa mu. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní dẹ́rẹ́bà tirẹ̀."

"Dẹ́rẹ́bà? Ṣé mọ́tò ni?"

Ẹnu Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bí ògbufọ̀ ni, mà. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ò gbọ́ èdè dísìkì. Dẹ́rẹ́bà ló ń túmọ̀ fún un."

"Ó dáa. Báwo lo ṣe pa dísìkì rẹ́?"

Ẹ̀rín náà kú. "Ọwọ́ mi ló ṣì."

"Ó ṣì lórí kí ni?"

Jẹ́jẹ́ ń yí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Ohun mélòó lo mú nínú àkójọ gbọọrọ yẹn?"

"Á tó... ogún."

"O kọ wọ́n sílẹ̀?"

"Rárá, mà. Wọ́n wà lórí mi."

Abẹ́rẹ́ fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àwọn aṣọ ibùsùn. Ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù ni ó ti rí i nínú yàrá iṣẹ́ wọn. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Káàdì dísìkì, tó so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ, ló ṣáájú. Bírò tó nípọn ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi pé ènìyàn lè dúró ní òdìkejì títì kà á.

"Mẹ́sàn-án ló wà níbí, kì í ṣe ogún. Ìwé ta nìyí?"

Jẹ́jẹ́ wo ìwé náà pẹ́. "Tèmi ni."

"Kọ orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Ó gba bírò, ó kọ ọ́. Orúkọ náà wẹ́ bí èèrà.

"Ṣé o rí i?" Abẹ́rẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Obìnrin kan ń kú lọ lókè, ìwọ ń parọ́ fún mi nísàlẹ̀."

"Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé." Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ má bi mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Abẹ́rẹ́ ká ìwé náà padà sínú báàgì. Ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ bí a ṣe dá a, ẹlòmíràn ló ń bò. Ṣùgbọ́n ta ni? Aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òun rí nǹkan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ ìjẹta kan náà, obìnrin tó ń tọ́jú yàrá ẹrù gbé dísìkì mẹ́ta jáde nínú páálí. Gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀ pé obìnrin náà àti Olùdarí kì í kí ara wọn. Ilé obìnrin náà kò jìnnà. Abẹ́rẹ́ àti ọlọ́pàá kan sáré lọ síbẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n, ẹ ti dé," ni obìnrin náà wí kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. "Mo ti ń retí yín. Nǹkan ò lè sọnù nínú ilé ìwòsàn yẹn kí wọ́n má dárúkọ mi. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá yín bá sọ fìlà nù, èmi náà ni."

"Dísìkì mẹ́ta dà, ẹ̀gbọ́n?"

"Ìkan nìyí." Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìdí ilẹ̀kùn. Dísìkì náà ló dá ilẹ̀kùn dúró kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a pa. "Ìkejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àga ìdáná tó ń mì. Ẹ̀kẹta, mo fi tẹ ìdérí ìkòkò. Wọ́n ti kú láti ọdún tó kọjá. Ìwé tí wọ́n fi ní kí n kó wọn dànù nìyí, Olùdarí ló fọwọ́ sí i. Àǹtí ọlọ́pàá, tí mo bá fẹ́ jalè, ṣé òkú ni n óò jí?"

Abẹ́rẹ́ gba ìwé náà, ó wò ó. Òótọ́ ni. Ìfọwọ́sí wà níbẹ̀, nọ́ńbà dísìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kò sì sí ti ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ nínú wọn.

"Mo lè mú ìwé yìí dání?"

"Ẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹni ìdí ilẹ̀kùn mi sílẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n padà dé, aago mọ́kànlá ti lù. Wákàtí kan ti lọ lásán. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé aṣọ tó rin fún ẹ̀jẹ̀ jáde láti wọ́ọ̀dù kẹrin, ìyá arúgbó náà sì yíjú sí ògiri kó má baà rí i.

*

Ẹnì kan ló ṣẹ́kù láti bi léèrè. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni, baba àgbàlagbà tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ẹ̀rọ. Oṣù méjì ló kù fún un kó fẹ̀yìn tì. Òun ló mú Jẹ́jẹ́ láti ilé onímọ́tò tó ti ń fọ ọkọ̀, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ nígbà tí kò ní bàtà.

"Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí yàrá iṣẹ́ yín, bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó jẹ́ kí baba ṣíwájú.

Baba gòkè kánmọ́kánmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò kan ògiri rárá. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ gbọ́ ohun kan lábẹ́ èémí rẹ̀: "...méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá." Ní mẹ́rìnlá, àtẹ̀gùn tán. Baba na ẹsẹ̀ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tí ojú ń tọ́ sọ́nà.

Nínú yàrá iṣẹ́, baba bu omi fún un. Ó ki ìka kan bọ etí ife. Nígbà tí omi kan ìka rẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

Abẹ́rẹ́ ń wo ìka náà. Ìyá rẹ̀ ló rántí. Aránṣọ ni. Ọdún méjì gbáko ló fi ránṣọ lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti lọ, tí oníbàárà kankan kò mọ̀. Ó ń fi ìka wọn ìwọ̀n, ó ń ka bọ́tìnì. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò lè ṣe, òun ni kó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń bá a ṣe é ní ìdákọ́ńkọ́. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́ fa ìwé kan yọ, ó nà án sí baba. "Ṣé ẹ mọ ìwé yìí, bàbá?"

Baba gbà á, ó gbé e sókè bí ẹni tó ń kà á. "Ìwé mi ni. Àkójọ ohun mẹ́sàn-án tí a ń mú. Ọwọ́ mi nìyí."

Ìwé obìnrin olùtọ́jú ẹrù ni.

Abẹ́rẹ́ gbà á padà, ó rọra ká a. "Ẹ̀yin lẹ ṣe kẹ́nẹ́ẹ̀lì náà, kì í ṣe Jẹ́jẹ́."

Èjìká baba wálẹ̀. "Mo sọ fún un pé kó má purọ́. Òun ló ní kí n dákẹ́, ó ní wọ́n á fi ẹ̀tẹ́ lé mi lọ nígbà tó ku oṣù méjì. Ṣùgbọ́n gbọ́, ọmọ mi. N kò pa nǹkan kan rẹ́. Láti ogún ọdún ni mo ti ń mú nǹkan mẹ́sàn-án yìí tàbí irú wọn. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ó dá mi lójú pé mo mú dẹ́rẹ́bà káàdì dísìkì. Ẹ̀rọ ló ní kò rí dísìkì, àfi kí dísìkì náà ti kú tàbí kí ẹnì kan ti nù ún."

"Ẹ fi nǹkan mìíràn dán an wò?"

"Fílááṣì ìdágìrì wa. Bí a bá ti kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì tán, ẹ̀dà rẹ̀ kan la máa ń gbé sórí fílááṣì, fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀. Jẹ́jẹ́ fi í sínú ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ lánàá, kí wọ́n tó mú un. Fílááṣì náà jí, òun náà ní òun ò rí dísìkì. Ohun tó jẹ́ kí Olùdarí gbà pé wọ́n ti pa á rẹ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rìí méjì ti sọ ohun kan náà."

"Ẹ ò lè tú dísìkì, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó wà níbí?"

"Ẹnu okùn wọn ò bára mu."

Abẹ́rẹ́ ti rìn dé ojú fèrèsé. Ó dúró. "Bàbá, ẹ ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì kan náà ló wà lórí fílááṣì?"

"Kan náà ni."

"Kì í ṣe ẹlẹ́rìí méjì nìyẹn. Ẹlẹ́rìí kan ni, ó kàn pààrọ̀ aṣọ." Ó yíjú sí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Sáré lọ mú Jẹ́jẹ́ wá. Kíákíá."

*

Wọ́n mú Jẹ́jẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ yàrá iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Abẹ́rẹ́ fa àga jókòó tì í.

"Gbé àṣàyàn tuntun jáde, èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì ìjẹta. Ka àmì tó wà níwájú ohun mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún mi."

"Mà, mo ti sọ fún yín pé èmi..."

"Ọ̀gá rẹ ti sọ òótọ́. Kà á."

Jẹ́jẹ́ wẹ̀yìn wo baba, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹ̀rọ. Bó ti ń kà ni Abẹ́rẹ́ ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ onílẹ́tà ńlá náà. Méje nínú wọn jẹ́ M. Méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ìràwọ̀.

"Gbé ti ọdún tó kọjá jáde wàyí."

Nínú ti àtijọ́, méje yẹn jẹ́ ìràwọ̀. Méjì tó kẹ́yìn jẹ́ àlàfo, nítorí ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọn.

Abẹ́rẹ́ tẹjú mọ́ ìwé náà. Ẹni tó bá fẹ́ ba ẹ̀rọ jẹ́ yóò lu ibi kan, yóò sì sá. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ṣì yóò ṣì í níbí, yóò gbà á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí dọ́gba. Gbogbo ìràwọ̀ di M, gbogbo àlàfo di ìràwọ̀. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo lórí erùpẹ̀ tútù.

"Kí ni ìràwọ̀ túmọ̀ sí?"

"Pé dẹ́rẹ́bà náà wà nínú ikùn kẹ́nẹ́ẹ̀lì gan-an. Bó bá ti jí, ó ti wà pẹ̀lú rẹ̀."

"Àlàfo?"

"Pé a ò fẹ́ ẹ."

"M ńkọ́?"

"A kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí nínú ikùn rẹ̀. Ìta ló wà nípamọ́. Nígbà tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì bá nílò rẹ̀, á lọ mú un."

"Á lọ mú un níbo?"

"Lórí dísì..."

Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́.

"Kí ni wọ́n fi ń ṣí dísìkì?" Abẹ́rẹ́ bi í jẹ́jẹ́.

"Dẹ́rẹ́bà." Jẹ́jẹ́ dìde dúró pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. "Olúwa mi o. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Fílááṣì ò tiẹ̀ ní M kankan lára, kẹ́nẹ́ẹ̀lì nìkan la gbé sí i. Mà, kò sí ohun tó sọnù! Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀! Mélòó laago lù?"

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Kò ṣeé ṣe," ni baba wí láti orí àga rẹ̀. "Ìràwọ̀ ni mo fi sí gbogbo wọn. Ó dá mi lójú."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìràwọ̀ ni, bàbá?"

Baba fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, tí mo bá dúró lórí àlàfo, tí mo tẹ bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan?"

"Á di M."

"Lẹ́ẹ̀kejì?"

"Ìràwọ̀."

"Lẹ́ẹ̀kẹta?"

"Á padà di àlàfo."

"Bàbá, ìgbà mélòó lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́?"

Baba gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Lẹ́ẹ̀mejì," ló wí níkẹyìn. "Lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé lọ́dún kan tí n ò ti rí ìyàtọ̀ ìràwọ̀ àti M. Mo ń ka ìlà, mo ń ka títẹ̀. Láti orí àlàfo ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, ìràwọ̀. Kò já mi kulẹ̀ rí."

"Tó bá jẹ́ pé orí ìràwọ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ńkọ́?"

Baba kà á lórí ìka rẹ̀. Àlàfo. M. Ìka náà dúró sínú afẹ́fẹ́.

Jẹ́jẹ́ ti kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ni. Lóòótọ́ wàyí, èmi ni. Mo da àṣàyàn ọdún tó kọjá síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, pé kí iṣẹ́ rọrùn fún yín. Mo rò pé ẹ máa rí i pé ìràwọ̀ ti wà níbẹ̀. N kò sọ fún yín. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo ń fojú di yín."

"Èmi náà ò sọ fún ọ pé ojú mi ti lọ," ni baba wí. "Mi ò fẹ́ kó o ṣàánú mi."

"Ẹ óò sunkún tó bá yá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà láti kọ́ òmíràn?"

"Àádọ́ta, mà. Bóyá wákàtí kan."

"Dìde."

Ó ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbé àmì dé orí ìlà káàdì dísìkì, ó sì dáwọ́ dúró. Ó mú ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó gbé e lé bọ́tìnì gígùn.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá."

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Bọ́tìnì náà dún. M di ìràwọ̀. Ìlà méje, ẹ̀ẹ̀kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹ́jẹ́ sì ń kà á sókè kí etí baba lè gbọ́: "Ìràwọ̀. Ìràwọ̀. Ìràwọ̀."

*

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ń ṣàn gòkè lójú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láti mú un yára. Abẹ́rẹ́ lọ bá Olùdarí pé kó jẹ́ kí wọ́n já téèpù.

"Kí afurasí tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn? Bó bá wá parí ìbàjẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ti ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́, mà. Kí ló kù tó fẹ́ bàjẹ́?"

Olùdarí já téèpù náà fúnra rẹ̀.

Aago kan kọjá. Dókítà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo Abẹ́rẹ́, ó mi orí, ó padà wọlé. Ìyá arúgbó náà ti yọ sílípáàsì ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá, ó ń fi ìdí aṣọ rẹ̀ nù ún, bẹ́ẹ̀ sì ni kò dọ̀tí.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, Jẹ́jẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fílááṣì lọ́wọ́. Wọ́n ki fílááṣì náà bọ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n tàn án. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Ó dúdú pẹ́. Lẹ́yìn náà ìlà àkọ́kọ́ jáde, ìkejì, ìkẹta, lẹ́yìn náà wọ́n rọ́ jáde bí ọmọ ilé ìwé tí agogo lù fún: ó rí káàdì, ó rí dísìkì kìíní, ó rí dísìkì kejì.

Ẹnikẹ́ni kò hó yè. Ìyọnu kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè hó.

Orúkọ mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ ń pè, Olùdarí ń kà á fún un. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Ìkejì ní òun wà nílùú òkèèrè, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. Ẹ̀kẹta, ọmọ rẹ̀ ló gbé e: bàbá ti kú ní oṣù kẹta. Ẹ̀kẹrin ń dún, ó ń dún, ó dákẹ́. Ẹ̀karùn-ún, wọ́n ti pa fóònù náà.

Ó ku ọ̀kan. Ìyá arúgbó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kò wọlé. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Hẹ́lò?" Ohùn obìnrin ni, ariwo ẹ̀rọ ìlọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ta nìyẹn? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ibi iṣẹ́ ni mo wà."

Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta.

"Ẹ dúró." Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà pariwo sí ẹnì kan: "Pa á! Mo ní kó o pa ẹ̀rọ yẹn!" Ariwo ìlọ̀ kú. "Mo ń bọ̀. Ìyẹ̀fun ló kún ara mi o, ẹ má wojú mi."

Kí Abẹ́rẹ́ tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyá arúgbó ti sáré kọjá ẹnu ọ̀nà àbáwọlé lọ sójú títì. Òótọ́ ló sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dáa. Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó fa obìnrin kan wọlé lọ́wọ́, obìnrin náà funfun láti orí dé àtàǹpàkò.

*

Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́rin kí dókítà tó tún jáde. Kò mi orí lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó ti ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gba ọ̀rá sílípáàsì lọ́wọ́ rẹ̀. "Yóò nílò rẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe lónìí. Ọmọ obìnrin tó bí ṣì wà nínú àpótí ooru, a ò tíì lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ la ojú, ó béèrè yín."

Abẹ́rẹ́ kọ ìjábọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ọ̀daràn, ó fa ìlà gbọọrọ kan.

Lókè, Bàbá Ẹ̀rọ ti kó ìwọ̀nba ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan. Olùdarí kò lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ń lọ, kí oṣù méjì náà tó pé. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó dúró, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ọ̀kan..."

Jẹ́jẹ́ gba àpò náà ní ejìká rẹ̀, ó sì ki apá bọ abẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ má kà á, ọ̀gá," ló wí. "Mo ń rí i."